Omi Wàláà ní Orígun Gọ́tà

Yàrá iwájú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan rẹlẹ̀ ju títì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti ń ta ẹní: ẹní fàfá, ẹní ore, àti àwọn kéékèèké tí wọ́n fi ń kírun. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ní, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti ń ta ẹní níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, akọ̀ròyìn ni mí ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Èkó, mo sì ń gbé yàrá kan lókè, lórí ọjà rẹ̀ gan-an. Bí òjò bá ti ń rọ̀ ní òwúrọ̀, mi ò nílò aago. Ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o! Omi ti ń bọ̀!" Gbogbo ará ilé á sáré wá. À á máa gbé ẹní sórí tábìlì, sórí àga, sórí èjìká ara wa. Ẹní tó bá ti mu omi gọ́tà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èèyàn lè sá a sóòrùn títí, òórùn náà kò ní lọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run kí imú rẹ̀ wà lórí gọ́tà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, omi ti wọlé kí òjò tó le rárá. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí wa wá láti Ẹnu Ọ̀wá, níbi tó ń gbé. Kò wọ inú yàrá náà, nítorí bàtà rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ọkùnrin aláṣọ kan wá bá mi, ará Ìjẹ̀bú," ó ní. "Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmàgbò, ó ń wá ibi tó máa kó ẹrù sí. Ó lóun máa fi sìmẹ́ǹtì gbé ilẹ̀ yàrá yìí sókè, kó bá títì dọ́gba."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ńkọ́?"

"Mo ní kó ṣe sùúrù. Bí omi bá tún wọ ibí kí oṣù ààwẹ̀ tó parí, màá gbé e fún un. Ìwọ á kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga."

"Ta ló máa wá ra ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́ á wá ọ wá."

"Àwọn tó mọ̀ mí ti ní ẹní."

Bàbá ṣí agbòòrùn rẹ̀, ó lọ. Òótọ́ ni Ìyá Ẹlẹ́ní sọ. Ẹni tó ń kọjá lọ ló ń ra ẹní: ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó rí i, ó rántí pé tilé ti gbó. Oṣù ààwẹ̀ ni ọjà rẹ̀ máa ń yá jù, nígbà tí àwọn èèyàn ń wá ohun tí wọ́n máa tẹ́ fún ìrun àṣámù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀. Nígbà náà, ààwẹ̀ ń bọ́ sí ìgbà òjò. Oṣù tó yẹ kó fi jẹun gan-an ni omi máa fi bá a jà.

Lọ́jọ́ kejì, mo jáde lọ wo ibi tí omi náà ti ń wá. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Gọ́tà iwájú ilé wa máa ń ṣàn dé orígun, ibẹ̀ ló ti máa ń yà sí apá òsì. Ààtàn ńlá kan wà ní orígun yẹn, ó sì ti ya wọ inú gọ́tà. Bí omi bá dé ibẹ̀, ẹ̀yìn ló ń padà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ọjà Ìyá Ẹlẹ́ní. Mo dúró síbẹ̀, mo ń bi àwọn tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi.

Ìyá kan tó ń sun àgbàdo ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. "Èèpo àgbàdo ni tèmi. Èèpo àgbàdo á jẹrà. Àwọn alágolo ni kó o lọ bá."

Aránṣọ kan tó wá láti Ọ̀yọ́ ní: "Èérún aṣọ lásán ni tèmi, ọ̀gá. Kí ni èérún aṣọ fẹ́ fi gọ́tà tó tóbi tó báyìí ṣe?"

Obìnrin kan gbé ìdọ̀tí wá nínú ọ̀rá láílọ́ọ̀nù, ó sọ ọ̀rá àti ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀. Nígbà yẹn, láílọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lọ́jà. Ó ní: "Ṣé èmi ni mo dá ààtàn yìí sílẹ̀ ni? Mo bá a níbí ni."

Bàbá arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò wá. Ó ní ìjọba ló ni gọ́tà. Mo bi í pé ọkọ̀ akólẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń wá?

"Ó ń wá."

"Ìgbà wo ló wá gbẹ̀yìn?"

"O ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa. Ọ̀gá mi gé e kù díẹ̀, ó fi í sí abẹ́ ìpolówó mílíìkì. Kò tó ọjọ́ mélòó kan, mo rí ojú ìwé náà ní orígun gọ́tà. Ẹnì kan ti fi í pọ́n àkàrà, ó jẹ àkàrà rẹ̀ tán, ó sì jù ú síbẹ̀. Mo mú un lọ fi han Ìyá Ẹlẹ́ní. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwé ìròyìn rẹ ti dé inú gọ́tà," ó ní. "Ó kù kí àwa náà dé ibẹ̀."

Ó kó wa jọ ní ọjọ́ Sunday: gbogbo ará ilé, aránṣọ ará Ọ̀yọ́, ìyá alágbàdo àti àwọn míì tí ojú tì láti kọ̀. A mú ṣọ́bìrì, a mú garawa, a ká ṣòkòtò. Agolo jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan jáde, láílọ́ọ̀nù jáde bí ìfun ẹran. Lẹ́yìn náà ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tó gùn, tó lọ́, tó wé mọ́ gbogbo nǹkan yòókù. Òun gan-an ló so wọ́n pọ̀. Ìyá alágbàdo fi igi gbé e sókè.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò!" ó kígbe. "Ta ló ń ta ẹní ní ìhín?"

Ẹ̀rín bú. Fàfá ni. Láràárọ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́ní máa ń fi ọ̀bẹ gé etí ẹní tó bá ṣe wúruwùru kó lè dùn ún wò. Yóò wá fi ìgbálẹ̀ gbá gbogbo ohun tó gé kúrò náà sínú gọ́tà. Ó wo ohun tó wà lórí igi náà.

"Koríko ni mo pè é," ó ní.

"Èèpo àgbàdo tèmi ńkọ́? Ṣé irin ni?"

"Mo ti gbọ́. Gbé e sílẹ̀, o ti bú mi tó."

Láti ọjọ́ náà ló ti so àpò kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọjà rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń kó ìgékù fàfá sí. Bó bá kún, ìyá alágbàdo á wá gbé e lọ fi dáná, nítorí fàfá gbígbẹ máa ń tètè gbiná. Èèpo àgbàdo náà kò dé gọ́tà mọ́. Àwọn tó ń sin àgbò sílé de Iléyá ló ń wá kó o.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tí gbogbo Èkó máa ń ṣe, àwa náà sì ṣe é lọ́jọ́ Sunday yẹn. A kó ẹrẹ̀ tí a gbẹ́ jáde sí etí gọ́tà kó lè gbẹ, kó fúyẹ́, kó rọrùn láti kó lọ. Òjò rọ̀ kó tó gbẹ. Ó gba gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ààtàn orígun tún ti ga. Ààwẹ̀ sì ń sún mọ́lé.

Ilé kéú kan wà ní ẹ̀yìn ilé wa nígbà náà. Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tó le díẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Orí wàláà, pátákó pẹlẹbẹ, ni àwọn ọmọ náà ti ń fi tàdáwà kọ Kùránì. Bí wọ́n bá ti mọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sórí, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, kí wọ́n lè kọ òmíràn. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ yìí, a kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́, a kì í sì í dà á síbi tó dọ̀tí, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Ìdí igi àgbọn kan ní ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń dà á láti ayébáyé. Lọ́dún yẹn, ẹbí gé igi àgbọn náà, wọ́n fẹ́ kọ́ ṣáláńgá síbẹ̀. Ààfáà wá ń wá ibòmíràn.

"Mo ní ibì kan," ni Ìyá Ẹlẹ́ní sọ fún un.

"Níbo?"

"Orígun gọ́tà."

Ààfáà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ẹlẹ́ní, ààtàn nìyẹn."

"Ààtàn ni lónìí."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sórí agolo mílíìkì ni?"

"Bí mo bá kó agolo kúrò ńkọ́?"

Ààfáà rò ó. Ó ní bó bá di Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, tí òun kò rí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀, òun á dá a wò. "Bí mo bá rí èèpo ọsàn kan ṣoṣo, ó parí o."

A fi ọmọlanke kó ààtàn náà lọ síbi tí ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń dé ní tòótọ́, ní apá Ìdúmàgbò. Lọ́tẹ̀ yìí a kò fi nǹkan kan sílẹ̀ létí gọ́tà. Ìyá Ẹlẹ́ní ra yanrìn funfun lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wa yanrìn ní ọ̀sà, ó dà á síbẹ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Ó wá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́jú. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìdọ̀tí dé, gbólóhùn kan ló ń sọ fún un: "Ààfáà fẹ́ máa da omi wàláà síbí."

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin kan gbé agbọ̀n dé lórí.

"Irọ́ ni," ni obìnrin náà wí.

"Lọ bi í."

Obìnrin náà wo yanrìn, ó wò wá, ó yí padà pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ilé ni mò ń gbé e lọ."

Nígbà tó di Jímọ́ọ̀, Ààfáà wá, ó yí ibẹ̀ po, ó tẹ̀ ba, ó wò ó fínnífínní. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn ọmọ máa gbé wàláà wá.

Wolé-wolé ti halẹ̀ mọ́ àdúgbò náà títí, àwọn èèyàn kò dáhùn. Mo bi ìyá alágbàdo ìdí tí ti wàláà fi yàtọ̀.

"Wolé-wolé máa ń relé," ó ní. "Ọlọ́run kì í relé."

N kò ní sọ pé ìdọ̀tí pòórá. Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń gbé tiwọn lọ sí Ìdúmàgbò bó ṣe yẹ. Àwọn kan kàn gbé tiwọn lọ sí orígun míì, títí àwọn ará ibẹ̀ fi wá bá wa jà. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan. Nígbà tí dída ilẹ̀ ti wá di ìrìn gígùn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí wọ́n ń kó wálé. Àwọn obìnrin kan padà sí agbọ̀n fún ọjà, wọ́n ní láílọ́ọ̀nù ń fún àwọn ní iṣẹ́. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ki èérún aṣọ sínú ìrọ̀rí. Ó wá ń ta ìrọ̀rí.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Omi ń lọ geere. Ìyá Ẹlẹ́ní ti kó ẹní tuntun dé, wọ́n kún yàrá títí dé àjà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ihò nínú yanrìn rẹ̀. Ó ní ajá ni. Lọ́jọ́ kejì, ihò náà ti fẹ̀ sí i. Ó ní kí n tètè sọ̀ kalẹ̀ wá lẹ́yìn sààrì, ká ṣọ́ ajá náà. Ajá náà wé gèlè, ó sì mú agolo lọ́wọ́.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?" ni Ìyá Ẹlẹ́ní bi í.

"Ẹ má bínú, ìyá. Díẹ̀ ni mo bù. Mo fẹ́ wọ́n ọn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni, fún alùbáríkà."

"Ta ló sọ fún yín pé alùbáríkà wà níbẹ̀?"

"Gbogbo Ìdúmàgbò ló mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ tó di ńlá. Omi tó mú kí wọ́n má dalẹ̀ síbẹ̀ náà ló ń mú kí wọ́n wá bu ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Wọ́n bù ú títí wọ́n fi dé ìdí ògiri gọ́tà. Ògiri náà fì, ó wó sínú gọ́tà. Òjò kékeré kan rọ̀ lọ́jọ́ kejì, omi sì wá lá ẹnu ọ̀nà ọjà. Kò wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo wa rí i. 

Ààfáà dìde lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ó ní yanrìn ni yanrìn, pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nìkan ni kí wọ́n ti tọrọ. Gbogbo wọn ní, "Ó dáa, Ààfáà." Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n mú agolo tó tóbi ju ti àná lọ wá. Mo bi ọkùnrin kan nínú wọn pé ṣé kò gbọ́ ohun tí Ààfáà wí ni?

"Mo gbọ́," ó ní. "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ààfáà. Kò fẹ́ yangàn."

Ìyá Ẹlẹ́ní wá gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bu yanrìn, kó kọ́kọ́ wa garawa ẹrẹ̀ kan nínú gọ́tà, kó gbé e dé ibi ọkọ̀ akólẹ̀, kó sì gbé yanrìn tuntun bọ̀ láti ọ̀sà dípò èyí tó fẹ́ bù. Nígbà tí Ààfáà gbọ́, inú bí i.

"Ìyá Ẹlẹ́ní, ẹ̀ ń ta ohun tí kò sí."

"Ààfáà, mi ò gba kọ́bọ̀."

"Ẹ̀ ń gba ẹrẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ẹlòmíràn tó fẹ́ gbà á?"

"Inú ààwẹ̀ la wà. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi wàláà tan ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá sọ òótọ́ fún wọn, mò ń kó wàláà mi lọ."

Ìyá Ẹlẹ́ní mọ̀ pé bí wàláà bá lọ, ààtàn á padà. Ó gbà. Láti ọjọ́ yẹn, kó tó gbé garawa fún ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ kéú pé: "Kò sí nǹkan kan nínú yanrìn yìí o. Gọ́tà wa ló dọ̀tí. Ṣé ẹ máa bá wa wa ẹrẹ̀?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ, wọn kò padà wá mọ́. Àwọn kan wa ẹrẹ̀ nítorí ojú tì wọ́n. Àwọn díẹ̀ ṣì gbà pé irọ́ ló ń pa. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé garawa lọ: "Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wo bó ṣe ń ṣọ́ ọ!"

Mo fẹ́ kọ ọ́. Ó jẹ́ irú ìròyìn tí ọ̀gá mi kò ní gé. Mo sọ fún Ìyá Ẹlẹ́ní.

"Repọ́tà," ó ní, "bí o bá kọ ọ́, gbogbo Èkó á gbé garawa wá. Wọ́n á bù wá dé ìsàlẹ̀ omi. Jẹ́ kí n ta ẹní mi ná."

N kò kọ ọ́.

Ó ku ọ̀la kí á wo oṣù nígbà tí òjò ńlá náà dé. Kété lẹ́yìn sààrì ló bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣeré. Kò sí ẹni tó padà lọ sùn. Ìyá Ẹlẹ́ní jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọjà rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle ẹnu ọ̀nà kó lè tètè mọ̀. Èmi àti aránṣọ dúró sí orígun. Ibi tí ògiri gọ́tà ti wó náà ni omi ń tì, ó ń ya wọ inú yanrìn, ó sì ń tún ẹ̀yìn bọ̀. Ààfáà jáde nínú òjò, ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó wo ibi tí ògiri ti wó náà.

"Ẹ kó búlọ́ọ̀kù tó yí yanrìn ká," ó ní. "Ẹ fi wọ́n dí ibẹ̀."

Aránṣọ wò ó. "Ààfáà, yanrìn máa lọ o."

"Kó lọ. Omi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ rọ̀ ló ń gbé e lọ."

A kó búlọ́ọ̀kù, a tò ó sí ojú ibi tó wó, aránṣọ ki àpò èérún aṣọ sí àárín wọn. Ìyá alágbàdo fi ìgbálẹ̀ ń ti ewé àti ọ̀rá tó ń léfòó kọjá orígun kí wọ́n má baà há. Yanrìn funfun náà tú, ó bá omi lọ. Omi kún dé etí gọ́tà, ó yà sí òsì, ó lọ. Mo sáré padà lọ wo Ìyá Ẹlẹ́ní.  Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi hàn mí. Eruku nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, olórí ẹbí dé pẹ̀lú agbòòrùn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bọ́ bàtà. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ ní igun kan, ó lọ kan igun kejì. Ó fi ìka nu ìdí ẹní tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Ará Ìjẹ̀bú yẹn ń dúró de èsì mi," ó ní.

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún un, Ẹ̀gbọ́n?"

Bàbá gbójú sókè. Ó tọ́ka sí ẹní fàfá ńlá kan lókè. "Tú ìyẹn sílẹ̀ kí n wò ó. Ti mọ́ṣáláṣí wa ti gbó, ọ̀túnla sì lè jẹ́ ìtúnu."

Ìyá Ẹlẹ́ní tú u sílẹ̀. Ó rí i pé etí rẹ̀ kan ṣe wúruwùru. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé e kó dọ́gba. Bàbá na ọwọ́ láti gba ẹní náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ní ní kó dúró ná. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìgékù fàfá náà nílẹ̀ títí tí kò fi ku ẹyọ kan, ó lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó kó wọn sínú àpò, kó tó padà wá ká ẹní náà fún un.